Irun Ajá Lára Sùtánà

Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà máa retí ohun tí kò sí níbẹ̀: n kò tíì dárí ji ọkùnrin náà. Wọ́n ti wàásù fún mi ní mọ́sáláṣí, ọmọ mi obìnrin ti bẹ̀ mí títí, ọjọ́ orí mi náà sì ti di ti ẹni tó yẹ kó máa fi nǹkan sílẹ̀ fún Ọlọ́run. N kò fi í sílẹ̀ o. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé, èmi ni mo sì kó o, pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti omi kànga mi.

Iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ ni mo ń ṣe ní Ìgándò nígbà náà, nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ tálákà. Ọkọ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣe bíríkìlà, ló ra ilẹ̀ náà nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó. Ó kọ́ yàrá méjì síwájú, ó ní ẹ̀yìn ni òun yóò kọ́ ilé gidi sí. Ikú ò jẹ́ kó kọ́ ọ. Ẹ̀yìnkùlé náà ni mo ri òpó mọ́, mo ta okùn sí i, mo sì fi ohun tí mò ń sá síbẹ̀ tọ́ ọmọ mi.

Aṣọ tó pọ̀ jù lọ́wọ́ mi ni sùtánà àwọn ará ìjọ aláṣọ funfun tó wà ní ìparí àdúgbò wa. Ẹ lè máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí wọ́n fi kó aṣọ ìsìn wọn fún obìnrin Mùsùlùmí. Aṣọ yẹn ní òfin ni. Obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Aṣọ náà kò gbọdọ̀ bá aṣọ ilé wọ inú omi kan náà, kò sì gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Àwọn ọmọge alágbàfọ̀ tí wọ́n ń gbé e fún tẹ́lẹ̀ máa ń purọ́ nípa èyí àkọ́kọ́, wọ́n sì máa ń gbàgbé èyí tó kù. Ìyá ìjọ wọn, obìnrin Ìjẹ̀bú kan tó ga, tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré, ló wá bá mi nílé. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

Ó ní, “Ìyá, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi o. Ṣé ẹ ṣì ń rí nǹkan oṣù?”

Mo ní ó ti dáwọ́ dúró tipẹ́.

“Ẹ sì ń kírun dáadáa?”

Mo ní ìgbà márààrún.

Ó ní, “Ó tán nìyẹn. Ẹni tó ń fi omi wẹ ọwọ́ wẹ ẹsẹ̀ nígbà márùn-ún lóòjọ́, ó mọ́ ju àwọn kan nínú ìjọ wa lọ, jàre.”

Bí wọ́n ṣe kó aṣọ odindi ìjọ lé mi lọ́wọ́ nìyẹn. Mo ya ọpọ́n ìfọṣọ ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀ fún un, mo ya ọṣẹ ọ̀tọ̀, mo ya okùn ọ̀tọ̀. Inú ìṣẹ́tí aṣọ kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń fi òwú aláwọ̀ ṣe àmì sí kí ti ẹnì kan má baà bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Òwú pupa ni ti ìyá ìjọ. Òwú aláwọ̀ ewé ni ti alága.

Ọkùnrin tí mò ń bá yín sọ nípa rẹ̀ ni alága yìí. Òun ni olórí àwọn láńlọ́ọ̀dù àdúgbò wa, ó sì tún jẹ́ àgbà nínú ìjọ náà, ọ̀kan lára àwọn tó ń jókòó níwájú lẹ́bàá pẹpẹ. Ó fẹ́ràn sítáàṣì bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ràn ṣúgà. Bí sùtánà rẹ̀ ò bá le gbagidi tó fi ń dún bó bá ń rìn, yóò dá a padà. Mo máa ń rọ sítáàṣì yẹn fún un dáadáa, n kò sì ní nǹkan kan sí i lọ́kàn nígbà náà.

Àdúgbò wa ní wàhálà tirẹ̀. Ààtàn Sólọ́ọ̀sì ò jìnnà sí wa. Bí afẹ́fẹ́ bá yí báyìí, a ti mọ ohun tí gbogbo Èkó jẹ lánàá. Àwọn olè náà kì í jẹ́ ká sùn. Nítorí náà, nígbà tí alága dìde ní ìpàdé láńlọ́ọ̀dù, tó ní ilé-iṣẹ́ sẹ́kúrítì kan fẹ́ wá dó sí orí ilẹ̀ òfìfo tó wà lẹ́yìn ọgbà mi gan-an, àtẹ́wọ́ la pa.

Ó ní, “Ẹ ò rí i pé Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà wa? Sẹ́kúrítì máa wà lẹ́nu ọ̀nà wa, fíríì! Àwọn àdúgbò míì ń wá irú ẹ̀ kiri, wọn ò rí i.”

Èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo tiẹ̀ tún ṣe àmín.

Ajá ni wọ́n kó dé. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló já wọn sílẹ̀, inú kéèjì onírin ni wọ́n wà, ajá òyìnbó tó ga dé ìbàdí ènìyàn, onírun dúdú gbúúrú. Ẹni tó ni wọ́n, ṣọ́jà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń kọ́ wọn níṣẹ́, tó sì ń fi wọ́n háyà fún àwọn olówó àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Lọ́dọ̀ wa ni wọ́n ti ń jẹ, tí wọ́n ti ń yàgbẹ́, tí wọ́n ti ń gbó láti òwúrọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, wọ́n á kó wọn sínú ọkọ̀ lọ ṣọ́ ilé àwọn ẹlòmíràn. Àwa tí olè ń jà, a ò rí ajá kan kó ṣọ́ wa. Ẹ̀yìn náà la wá gbọ́ pé Ẹ̀gbẹ́dá ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Àwọn láńlọ́ọ̀dù ibẹ̀ bá wọn jà títí wọ́n fi kó ẹrù, wọ́n wá wò káàkiri, wọ́n rí i pé àwọn tí wọ́n ti kó ààtàn fún, wọ́n á gba ajá náà.

Lówùúrọ̀ ni wọ́n máa ń fọ kéèjì. Omi ìgbẹ́ àti Ìsáàlì tí wọ́n fi ń pa òórùn máa gba abẹ́ ọgbà wọ ẹ̀yìnkùlé mi, èmi á sì dìde pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á ya irun àwọn ajá náà pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì onírin. Irun dúdú náà á máa fò bí òwú. Aṣọ funfun ni èmi sì sá. Mo ní láti tún sùtánà fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nígbà míràn lẹ́ẹ̀mẹta, kí n tó lè gbé e fún wọn. Àwa Mùsùlùmí náà, ẹ mọ̀ wá pẹ̀lú ajá: bó bá fi ẹnu kan abọ́ rẹ, ìgbà méje lo máa fọ̀ ọ́. Lẹ́mọ̀mù wa ní òun ò mọ iye ìgbà tí ènìyàn máa fọ odindi àdúgbò.

Òjò ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Lẹ́mọ̀mù àti ìyá ìjọ tí wọn kì í ju kíkí ẹnu lásán lọ, wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo níwájú ilé mi, wọ́n ń pète bí a ó ṣe lé ajá. Àwọn ará ìjọ tí kì í wọ bàtà bí wọ́n bá ti wọ sùtánà ń tẹ ìgbẹ́ ajá lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ iléèwé ń gba ọ̀nà míì. A lọ bá baba alájá, ó ní òun ti gba àṣẹ lọ́wọ́ alága wa, kí a lọ bá alága wa. A lọ sí káńsù. Wọ́n rán wolé-wolé wá. Wolé-wolé wo kéèjì, ó wo gọ́tà wa, ó ní kéèjì náà mọ́ ju gọ́tà wa lọ. Ó sọ òótọ́ ṣá, ṣùgbọ́n èmi ni mo mọ ibi tí ìdọ̀tí kéèjì náà ń ṣàn lọ.

Ní ìpàdé, bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ ajá, alága á ní ká gbé ọ̀rọ̀ transifọ́mà kalẹ̀ ná. Mo wá pinnu pé n ó lọ bá a nílé, èmi nìkan. Mo rò pé bí mo ṣe ń fọ aṣọ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, yóò fi ojú ènìyàn wò mí.

Mo kúnlẹ̀ fún un. Mo dàgbà ju ìyàwó rẹ̀ lọ, mo sì kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì gbígbóná. Mo ní, “Alága, ẹ dákun, ẹ̀yìnkùlé yẹn ni mo fi ń jẹun. Ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n kó ajá wọn kúrò níbẹ̀.”

Ó ń fi igi tayín, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyá aláṣọ, ẹ yí okùn yín padà, jàre. Ajá ò bá aṣọ jà. Àbí ẹ fẹ́ kí àdúgbò má lajú torí okùn aṣọ ni?”

Mo ní iwájú ilé mi ò gbà ju àga méjì lọ.

Ó ní, “Ẹ wá sá a sórí yín nígbà náà!” Ó sì rẹ́rìn-ín gidi, ó pe ìyàwó rẹ̀ kó wá gbọ́ ohun tí òun sọ.

Ibi tí mo kúnlẹ̀ sí yẹn ni mo ti gbọ́ tí ajá gbó lẹ́yìn ilé rẹ̀. Mo yọjú díẹ̀. Méjì ni wọ́n, ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú àwọn ti ẹ̀yìn ọgbà mi, wọ́n so wọ́n mọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, irin kan náà ló wà lọ́rùn wọn. Gbogbo àdúgbò ni olè ń jà, àfi ilé alága. Mo wá mọ ohun tí wọ́n fi rà wá. Inú bí mi débi pé etí mi ń hó. Mo dìde, mo gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórúnkún mi.

Mo ní, “Mo ti gbọ́, alága. Bí ẹ ṣe wí ni n ó ṣe.”

Mo sì ṣe é. Mo yí okùn mi padà lọ́jọ́ kejì. Mo ta okùn sínú yàrá mi méjèèjì, láti ògiri dé ògiri, mo sì kó sùtánà gbogbo ìjọ wọlé. Abẹ́ aṣọ tútù ni èmi àti ọmọ mi ń sùn. Omi ń kán sí wa lójú. Àyà ń dùn mí nítorí òtútù náà, ṣùgbọ́n irun kan ṣoṣo kò bà lé aṣọ wọn. Aṣọ kan péré ni mo fi sílẹ̀ níta, lórí okùn tó sún mọ́ ọgbà jù. Òwú aláwọ̀ ewé ló wà nínú ìṣẹ́tí rẹ̀.

Ẹni tí kò bá ti fọṣọ rí kò lè mọ ohun tí sítáàṣì lè ṣe. Bí aṣọ bá ṣì tutù, tí sítáàṣì wà lára rẹ̀, ohun tó bá bà lé e ti lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Bó bá wá gbẹ, tí áyọ́ọ̀nù gbígbóná sì gorí rẹ̀, ó di ara kan náà pẹ̀lú òwú. Ọyẹ́ ti dé nígbà náà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ọ̀dọ̀ ajá wá sọ́dọ̀ mi. Mo máa ń rọ sítáàṣì fún alága kó ki, bó ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Iwájú aṣọ náà ni mo kọ sí ilé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ sí ọgbà, nítorí ènìyàn kì í rí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Màá jókòó sórí àpótí mi, màá máa wo irun tó ń bà lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má bi mí bóyá ẹ̀rí ọkàn bá mi wí. Ó pẹ́ tí ara ti tù mí bẹ́ẹ̀ yẹn.

Mo ń fọ̀ ọ́, mo ń lọ̀ ọ́, mo ń ká a, iwájú lókè, ẹ̀yìn nísàlẹ̀. Ó ń gbà á, ó ń dúpẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn àga tó máa ń jókòó sí níwájú ló ń bá mi bo irun náà. Ó tiẹ̀ sọ fún mi nígbà kan pé, “Ẹ ò rí i, Ìyá aláṣọ? Mo ní ajá ò bá aṣọ jà!” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, alága.

Ọjọ́ ìdúpẹ́ ọdún tuntun ìjọ wọn ló dé. Àwọn tó pẹ́ kí wọ́n tó kó aṣọ wọn wá ń retí mi, mo kó o lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí kò ní gíláàsì. Mo fẹ́ wò ó. Alága ni wọ́n yàn pé kó ṣíwájú àwọn tó ń gbé ọrẹ lọ síbi pẹpẹ. Ó jáde, aṣọ rẹ̀ ń dún gbà-gbà-gbà. Ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là pọ̀ níwájú. Ó dé ibẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó dojú bolẹ̀ bí ìṣe wọn, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ sí gbogbo ìjọ.

Ẹ̀yìn náà dúdú ràkọ̀ràkọ̀ bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀.

Aríran wọn, obìnrin kan tó máa ń jókòó sí ìlà kejì, ló kọ́kọ́ fi igbe ta. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, “Ẹran! Ẹran wà níwájú pẹpẹ! Mo rí irun ẹran!” Bóyá ẹ̀mí ló fi rí i, bóyá ojú lásán ni, èmi ò bá a jà. Orin dúró. Ìyá ìjọ dìde, ó rìn lọ bá alága níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka méjì fa nǹkan kan lára aṣọ náà. Ó gbé e sókè síbi iná àbẹ́là.

Ó ní, “Irun ajá.”

Alága dìde, ó ń fọwọ́ wá ẹ̀yìn ara rẹ̀, ọwọ́ ò tó o. Ó pariwo pé, “Alágbàfọ̀ ni! Obìnrin Mùsùlùmí yẹn ni! Ẹ lọ bi í!”

Mo ní, “Mo wà níbí.” Gbogbo wọn yíjú sí fèrèsé.

Mo ní, “Alága, ẹ̀yin lẹ ní ajá ò bá aṣọ jà. Aṣọ gbogbo ìjọ yìí, inú yàrá tí mò ń sùn ni mò ń sá a sí, kí irun má baà kàn án. Tiyín nìkan ni mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ajá, torí ẹ̀yin lẹ gbà wọ́n láyè. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ìjọ wo ẹ̀yìn ara wọn, bóyá irun wà níbẹ̀. Kí wọ́n sì wá bi yín, ajá méjì tó ń ṣọ́ ilé yín, lọ́wọ́ ta lẹ ti gbà á?”

Ẹ bá wà níbẹ̀ kí ẹ rí bí àwọn àgbàlagbà ṣe ń yí ẹ̀yìn síra wọn. Wọn ò rí irun kan lára ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, kò sí ẹni tó ń wo ẹ̀yìn mọ́, alága ni gbogbo wọn ń wò. Mo yí padà, mo lọ sílé, mo se ìrẹsì.

Kò tún sí ẹni tó gbẹnu sọ fún ajá lẹ́yìn ìyẹn. Ìjọ gba ipò àgbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí wọn yóò fi wẹ̀ ẹ́ mọ́. Àwọn láńlọ́ọ̀dù yan alága míràn ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e. Onílẹ̀ tó yá àwọn alájá ní ilẹ̀ náà ń gbé ní Akówọnjọ, ọmọ ìjọ kan náà ni. Ìyá ìjọ ránṣẹ́ sí i pé kò gbọdọ̀ sún mọ́ pẹpẹ níwọ̀n ìgbà tí kéèjì kan bá ṣì wà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Oṣù náà ò parí tí ọkọ̀ akẹ́rù fi padà wá kó wọn. Wọ́n ní apá Ìpájà ni wọ́n ń kó wọn lọ. Mo ní kí Ọlọ́run ṣàánú àwọn ará Ìpájà.

Mo fọ ẹ̀yìnkùlé mi pẹ̀lú omi kànga títí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ fi funfun. Mo kó okùn jáde nínú yàrá, mo tún un ta. Ibẹ̀ ni mo wà tí ìyá ìjọ wọlé pẹ̀lú obìnrin méjì tó gbé agbọ̀n lọ́wọ́. Mo rò pé ìdúpẹ́ ló bá wá, mo gbé àga fún un. Kò jókòó.

Ó ní, “Ìyá, ẹ ṣeun. Ẹ ti bá wa lé ajá lọ. Aṣọ wa la wá kó.”

Mo ní wọn ò tíì gbẹ.

Ó ní, “A ó kó o bẹ́ẹ̀. Láàárín ara wa la ó ti máa fọ̀ ọ́ báyìí.”

Mo ní, “Ṣé torí irun ni? Tiẹ̀ nìkan ló ní irun. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ wo tàwọn yòókù. Tiẹ̀ nìkan ni!”

Ó ní, “Mo mọ̀. Ká ní ara gbogbo wa ló wà ni, n bá ní àṣìṣe ni, n bá bẹ̀ yín pé kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Aṣọ Ọlọ́run ni mo gbé lé yín lọ́wọ́, Ìyá. Ẹ wá fi jagun.”

Wọ́n ká a lórí okùn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò jẹ́ kó kan ilẹ̀. Mo bá wọn di agbọ̀n náà mú kí wọ́n lè gbé e rù.

Aṣọ ilé ni mò ń rí fọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ìyẹn náà ò sì pọ̀, nítorí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù ẹni tó lè fi aṣọ ṣe bẹ́ẹ̀. Ebi pa èmi àti ọmọ mi lọ́dún yẹn débi tí mo fi ta áyọ́ọ̀nù mi. Bí ọjọ́ Àìkú bá sì ti dé, màá dìde, màá wẹ̀, màá gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì wọn kọjá. N kò ní ibì kankan tí mò ń lọ. Alága àná máa ń wà níbẹ̀, lórí ẹní lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú sùtánà rírọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń rọ sítáàṣì sí. Yóò gbójú sókè, yóò rí mi. Ebi á máa pa mí, màá sì dúró, màá wò ó dáadáa.